Kí Ló Wà Kí Àgbáálá Ayé Tó Bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn fún Ìyá Kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Láti ìgbà tó ti dé fún ìsinmi ni ọ̀rọ̀ kan ò ti jẹ́ ká sinmi nínú ilé. Ó ní kò sí nǹkan kan rí, pé ohun bíńtín kan ló ṣàdédé bú gbàù nínú òkùnkùn, tí oòrùn, òṣùpá, ìràwọ̀ àti gbogbo wa fi jáde. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀ kó tó bú, ta ló sì ṣáná sí i? Ó ní sáyẹ́ǹsì ti yanjú ìyẹn, pé èmi ni kò yé. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ gbáà ni, pé ìtàn àwọn òyìnbó ni, bí ìtàn ẹ̀wọ̀n tí Odùduwà fi rọ̀ sílẹ̀ sí Ifẹ̀ ṣe jẹ́ ìtàn tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbà nínú wa? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti fi hàn pé kò sí Ẹlẹ́dàá?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, mà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní ibi tí ẹ ti gbà, ọmọ yín àti bàbá rẹ̀ sì ní ibi tí wọ́n ti ṣì í. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni pé: ṣé òótọ́ ni pé ìgbà kan wà tí gbogbo ohun tí a ń rí lójú ọ̀run há mọ́ra, tó gbóná janjan, tó sì ti ń fẹ̀ láti ìgbà náà? Èkejì ni pé: kí ló dé tí ohunkóhun fi wà rárá? Sáyẹ́ǹsì ti dáhùn ti àkọ́kọ́, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ìdáhùn náà sì le bí àpáta. Kò tíì dáhùn èkejì, mi ò sì rò pé irú iṣẹ́ tí àwa onísáyẹ́ǹsì ń ṣe lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ yín mú ìdáhùn ti àkọ́kọ́, ó fi dí ẹnu èkejì. Bàbá rẹ̀ rí i pé èkejì ò ní ìdáhùn, ó wá tìtorí bẹ́ẹ̀ da ti àkọ́kọ́ nù. Lọ́dọọdún ni mo ń bá àṣìṣe méjèèjì pàdé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́, ó sì ń dùn mí, torí pé àwọn ọmọ tó ní làákàyè ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti bíbú gbàù yẹn kúrò lọ́nà. Fred Hoyle, onímọ̀ ìràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, Big Bang lédè Gẹ̀ẹ́sì, lórí rédíò BBC lọ́dún 1949, òun fúnra rẹ̀ kò sì fara mọ́ èrò náà rárá. Bọ́ǹbù tó bú ní ojú ibi tó ti bú, àyè tó ṣófo sì yí i ká tí èéfín rẹ̀ lè tú lọ sí. Ọ̀rọ̀ àgbáálá ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òkùnkùn kan níta tó ń dúró dè é, kò sì sí àyè kan tó ń fẹ̀ wọ̀. Àyè fúnra rẹ̀ ló ń nà. Ẹ mú rọ́bà tí ẹ fi ń di owó, ẹ gé e kó gùn gbọọrọ, ẹ fi bírò tẹ àmì mẹ́rin sí i lára, kí íǹṣì kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ wá fà á títí yóò fi gùn ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá ń wò ó láti orí àmì àkọ́kọ́, èkejì tó wà ní íǹṣì kan ti bọ́ sí íǹṣì méjì. Ẹ̀kẹta tó wà ní méjì ti dé mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin ti kúrò ní mẹ́ta bọ́ sí mẹ́fà. Ìgbà kan náà lẹ fà wọ́n, síbẹ̀ èyí tó jìnnà jù ló sáré jù. Ẹ lọ dúró lórí àmì ẹ̀kẹta kí ẹ tún un wọ̀n, bákan náà ni yóò rí. Kò sí àmì tó lè pe ara rẹ̀ ní àárín, kò sì sí èyí tó gbéra kúrò lójú ibi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí.

Ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run gan-an nìyẹn. Láti ọdún 1912 ni Vesto Slipher ti ń wo ìmọ́lẹ̀ àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà láti Arizona ní Amẹ́ríkà, tó sì ń rí i pé àwọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sún sí ìhà pupa. Bí àyè ṣe ń nà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ń nà pẹ̀lú rẹ̀, ìgbì tó sì gùn ni ojú wa ń rí bíi pupa. Lọ́dún 1929, Edwin Hubble lo awò awọ̀nàjíjìn ńlá tó wà lórí òkè Wilson ní California láti fi hàn pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ ni Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, ti fi ìṣirò fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti inú ẹ̀kọ́ Einstein nípa òòfà, ìyẹn agbára tó ń fa ohun gbogbo mọ́ra. Alexander Friedmann ní Rọ́ṣíà ti rí irú rẹ̀ lọ́dún 1922. Einstein fúnra rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Lọ́dún 1917 ó ti fi nọ́ńbà kan kún ìṣirò rẹ̀ kí àgbáálá ayé lè dúró gbagidi sójú kan. Lemaître ló wá bi ara rẹ̀ ní ohun tí ọmọdé lè bi: bí nǹkan bá ń fẹ̀ lónìí, báwo ló ṣe rí láná? Lọ́dún 1931 ó dábàá pé tí a bá fà á padà sẹ́yìn títí, a óò dé ìgbà kan tí ohun gbogbo há pọ̀ bí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn gbà á lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1948, Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold ní àgbáálá ayé ń fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìbẹ̀rẹ̀: bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń jìnnà síra wọn ni nǹkan tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo náà. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, àwọn èèyàn pàtàkì sì tẹ̀ lé e. Ooru ló ya èrò méjèèjì sọ́tọ̀. Tí ohun gbogbo bá ti há mọ́ra rí tó sì gbóná, ooru yẹn ò níbi tó máa sá lọ, nítorí pé kò sí ìta. Bí àyè bá ṣe ń nà ni yóò máa tutù, kò ní lè pòórá. Lọ́dún 1948 kan náà, Ralph Alpher àti Robert Herman ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ohun tó ṣẹ́ kù nínú ooru náà á ti wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 sókè sí ibi tí òtútù ti parí, ìyẹn -273 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó padà jẹyọ.

Àwọn tó wá rí i kò tiẹ̀ wá a. Arno Penzias àti Robert Wilson ń ṣiṣẹ́ ní Holmdel, ìpínlẹ̀ New Jersey, pẹ̀lú áńtẹ́nà ràgàjì kan tó rí bí ìwo. Lọ́dún 1964 wọ́n ṣàkíyèsí pé ariwo kan ń wọlé sínú ẹ̀rọ wọn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n kọjú áńtẹ́nà náà sí ìlú New York, bóyá ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá. Kò yí padà. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìhà gbogbo lójú ọ̀run, lọ́sàn-án, lóru, nígbà ooru, nígbà òtútù. Ariwo náà kò lé, kò dín. Ẹyẹlé méjì ti tẹ́ ìtẹ́ sí ọ̀fun áńtẹ́nà ọ̀hún, wọ́n sì ti fi ìgbẹ́ funfun bo inú rẹ̀. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n wọnú rẹ̀ lọ, wọ́n fọ ìgbẹ́ náà dànù, wọ́n sì fi téèpù onírin bo gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Ariwo ṣì wà, ó sì dà bí ti ohun tó gbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n 3.5 sókè sí ibi tí òtútù ti parí. Ìgbà tí wọ́n bá Robert Dicke sọ̀rọ̀ ní Princeton, níbi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń to ẹ̀rọ jọ láti wá ooru yẹn gan-an, ni wọ́n tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Lemaître gbọ́ ìròyìn náà kó tó kú lọ́dún 1966. Penzias àti Wilson gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1978. Sátẹ́láìtì COBE tí wọ́n rán lọ sókè lọ́dún 1989 sì wọn ooru náà dáadáa, ohun tó bá sì bá ìṣirò mu láìfì síbì kan. Ìwọ̀n 2.7 ló wà báyìí.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ rí, mà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń lo èrìyà orí òrùlé, tí iléeṣẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lóru, ojú tẹlifíṣọ̀n á máa ta wàràwàrà funfun òun dúdú, á sì máa hó ṣáá. Díẹ̀ lára híhó yẹn, díẹ̀ kín-ún, ooru àtètèkọ́ṣe ni. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí kì í jẹ́ kí n yẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ohun gbogbo gbóná débi tí èròjà hydrogen fi ń so pọ̀ di helium; ìṣirò sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó di helium kó tó tutù jù. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ìkùukùu tí ìràwọ̀ kò tíì pa lára púpọ̀ lójú ọ̀run, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n bá. Ìràwọ̀ nìkan ò lè ṣe helium tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù láìso pọ̀ ni hydrogen, òun ló wà nínú omi. Omi tí ẹ mu láàárọ̀ yìí, hydrogen inú rẹ̀ ti wà láti ìgbà náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀: inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti sè é, Hoyle tó kọ̀ láti gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ wà yìí sì wà lára àwọn tó kọ́ wa ní bó ṣe ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1957. Ibi tí ọmọ yín ti gbà nìyí, kí bàbá rẹ̀ sì jọ̀wọ́ fún un ní ibẹ̀.

Ibi tí ó ti ṣì í ló kàn. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ìtàn bí nǹkan tó ti wà, tó gbóná, ṣe fẹ̀ tó sì tutù di ohun tí a ń rí. Kò sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Tí a bá ń fa ìṣirò Einstein padà sẹ́yìn, a óò dé ojú kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ní òpin mọ́. Roger Penrose àti Stephen Hawking fi hàn lọ́dún 1970 pé, nínú ẹ̀kọ́ yẹn, a ò lè yẹ ojú yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ìṣirò bá ti ń fún ẹ ní nọ́ńbà tí kò lópin, ohun tó ń sọ fún ẹ ni pé agbára òun ti pin. Níbẹ̀, òòfà àti òfin àwọn ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ gbọ́dọ̀ jùmọ̀ ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀ láṣeyọrí. Nítorí náà, àbá ló wà. Hawking àti James Hartle ní 1983 dábàá pé àkókò fúnra rẹ̀ kò ní etí kan tí ènìyàn lè dúró lé lórí, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ́ "kó tó". Alexander Vilenkin ní 1982 ní àgbáálá ayé lè yọ láti inú òfo. Àwọn kan tẹ̀ síwájú láti inú àbá Alan Guth ti 1981 nípa fífẹ̀ òjijì ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àgbáálá ayé tiwa kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ni. Penrose ní tirẹ̀ sọ pé òpin àgbáálá ayé kan ni ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọlọ́pọlọ pípé ni gbogbo wọn, mo sì ń fẹ́ràn láti ka iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ẹyẹlé àti áńtẹ́nà tirẹ̀ nínú wọn.

Ẹ tún wo òfo tí Vilenkin ń sọ. Kò sí àyè níbẹ̀, kò sí àkókò, ṣùgbọ́n òfin físíìsì wà níbẹ̀, òun ló sì ń mú kí nǹkan yọ. Òfin kì í ṣe òfo. Ẹni tó bá béèrè pé níbo ni òfin náà ti wá, ìbéèrè yín ló ń béèrè, mà, ó kàn sún un sẹ́yìn ni. Torí náà, nígbà tí ọmọ yín sọ pé ẹ̀yin ni kò yé, ẹ̀yin gan-an lẹ fọwọ́ kan ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè yín dàgbà ju físíìsì lọ. Aristotle ní Gíríìsì gbà pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, ti sọ ọ́ ní nǹkan bíi 1600 ọdún sẹ́yìn pé Ọlọ́run dá àkókò pọ̀ mọ́ ayé, nítorí náà kò sí ìgbà kan ṣáájú tí ènìyàn lè béèrè ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí ti Hawking, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn yàtọ̀. Al-Ghazali, àgbà àáfà tó kú lọ́dún 1111, ní ohunkóhun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun tó fà á, ayé sì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibn Rushd ará Córdoba, tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ta kò ó. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Thomas Aquinas, àlùfáà Kátólíìkì ayé àtijọ́. Ó gbà pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, pé làákàyè nìkan ò lè fi í hàn. Ó ní kí a sọ pé a dá nǹkan, ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan náà kò lè fúnra rẹ̀ dá dúró, ìbáà ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà má ní. Tí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kí Penrose jàre lọ́la, ìyẹn kò lé Ẹlẹ́dàá kúrò. Kí wọ́n sì rí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gan-an, ìyẹn kò mú un wọlé. Lápá kejì, Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ lórí BBC lọ́dún 1948, nígbà tó ń bá àlùfáà Frederick Copleston jiyàn, pé àgbáálá ayé kàn wà ni, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rọ kankan tí mo lè fi já a ní koro.

Lemaître ló fi ìwà tó yẹ hàn wá. Lọ́dún 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi pé ohun tí wọ́n rí ti ń jẹ́rìí sí ọjọ́ tí Ọlọ́run ní kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà. Inú Lemaître kò dùn sí i, àlùfáà sì ni. Ó gbà pé ìṣirò òun kò wọ ilé ẹ̀sìn rárá, pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè lò ó láìṣe àyídà. Ó mọ̀ pé bí a bá so ìgbàgbọ́ mọ́ ìṣirò lónìí, ọjọ́ tí ìṣirò bá yí padà, ìgbàgbọ́ á bá a yí. Mo ń ronú kan ọ̀rọ̀ yìí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ oníwàásù kan, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí, tó ń pariwo pé ẹsẹ báyìí nínú ìwé mímọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti Ifẹ̀, bàbá wọn ò tíì ka ìtàn náà dé ìdí. Nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Olódùmarè ti wà, ọ̀run ti wà, omi ti kún ìsàlẹ̀, kí ẹ̀wọ̀n tó rọ̀, kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀, kí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tàn án káàkiri. Bí ilẹ̀ ṣe di ibùgbé ló ń sọ, àti ẹni tó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà títí dòní lórí ẹni tó ṣe é, Ọbàtálá tàbí Odùduwà. Kò bá Hubble díje. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi awò awọ̀nàjíjìn já a ní irọ́ tàbí gbè é ti ṣi ìtàn náà gbọ́.

N kò ní fi pamọ́ fún yín pé ihò ṣì wà nínú èyí tí a mọ̀ náà. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn, ìràwọ̀, ilẹ̀, ara wa, jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà. Ìyókù, a mọ ipa rẹ̀, a ò mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀nà kan tí a fi ń wọn bí fífẹ̀ ṣe yára tó ń fún wa ní nǹkan bíi 67, ọ̀nà mìíràn ń fún wa ní nǹkan bíi 73, lórí òṣùwọ̀n kan náà, ìyàtọ̀ náà sì ti kọ̀ kò lọ. Awò awọ̀nàjíjìn James Webb tí wọ́n rán lọ lọ́dún 2021 ti rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ti ń tàn kí àgbáálá ayé tó pé mílíọ̀nù 300 ọdún, ó mọ́lẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Tí bàbá wọn bá rí i lórí fóònù pé èyí ti sọ gbogbo rẹ̀ di asán, kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìràwọ̀ ṣe ń tètè kó jọ ni a ní láti tún ṣírò, ooru inú áńtẹ́nà ò lọ síbì kan.

Ẹ má ṣe bá ọmọ yín jà lórí èyí tó gbà. Èmi fúnra mi gbà pé Ọlọ́run wà, ọkàn mi ni mo fi gbà á, mi ò sì jẹ́ kọ ọ́ sórí pátákó nínú kíláàsì. Tó bá tún sọ pé láti inú òfo ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ẹ ní kó mú ìwé àti bírò, kó kọ gbogbo ohun tó ṣì wà nínú òfo tirẹ̀ sílẹ̀: ṣé òfin wà níbẹ̀, ṣé àkókò wà níbẹ̀, ṣé ohun tó lè di nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà kó sọ fún yín èyí tí wọ́n ti wọ̀n nínú wọn. Tó bá rí ìdáhùn sí i, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kà á.